Ìyá Ọlọ́ṣẹ àti Ọmọ Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Mọ Ẹrẹ̀

Obìnrin kan wà tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ní ìlú kékeré kan. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sun èèpo kòkó, òun ló ń jọ eérú rẹ̀, òun ló ń ro omi eérú àti àdín pọ̀ lórí iná títí ọṣẹ yóò fi dì. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, eérú máa ń bò ó láti ìka ẹsẹ̀ dé irun orí, débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé inú ààrò ló sùn. Kò sí ẹni tó ń dọ̀tí tó o ní gbogbo àdúgbò. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó bẹ̀rù ìdọ̀tí tó o.

Ohun tó fà á ni pé ó wá ọmọ fún ọdún mọ́kànlá kó tó rí ọ̀kan bí. Nígbà tí ọmọ náà dé, obìnrin ni. Àwọn àgbà ilé wo ojú rẹ̀, wọ́n ní oríkì rẹ̀ ni Àwẹ̀ró. Ìyá rẹ̀ gba oríkì náà bí ẹni gba ìwé àṣẹ. Ó ń wẹ ọmọ náà láàárọ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, ó ń wẹ̀ ẹ́ kó tó sùn. Bí àlejò bá gbé e, ó tún di wíwẹ̀. Bí adìẹ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá tó sì gbọn ìyẹ́, ó tún di wíwẹ̀. Ọmọ náà ń dán bí abọ́ tánganran tí wọn kò tíì fi jẹun rí.

Ó gbé abọ́ omi kan àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé Àwẹ̀ró gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ní ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti oko dé láti wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀, tó sì na ọwọ́ méjèèjì láti gbé e, ìyàwó kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó wá rọra fi ojú júwe abọ́ náà.

Ìyá àgbà wo abọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi tọ́ ọmọ méje dàgbà.

“Ìyàwó mi, ṣé iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ ṣe fún un ni?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Eruku ọ̀nà oko ni.”

“Ṣé ọwọ́ ni mo fi rìn wá?”

Ṣùgbọ́n ó fọ̀ ọ́.

Ohun tó burú jù lójú ìyá yìí ni ilẹ̀. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ ni gbogbo àrùn ń gbé, wọ́n pé jọ síbẹ̀, wọ́n ń retí Àwẹ̀ró. Nítorí náà, Àwẹ̀ró kò mọ ilẹ̀. Bí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, orí ẹní ni. Bó bá kúrò lórí ẹní, orí bẹ́ẹ̀dì ni. Bó bá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, orí itan ni. Nígbà tí ìyá bá fẹ́ ro ọṣẹ, tí kò lè pọ̀n ọ́n sún mọ́ iná, á tẹ́ ẹní mẹ́ta lé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, á fi ìrọ̀rí yí i ká, á wá gbé ọmọ sí àárín. Ọmọ náà á jókòó síbẹ̀ bí ọba tó ń gba àlejò, á máa wo ayé.

Ayé tó ń wò náà sì dùn ún wò. Ọ̀kánkán ilé wọn ni ilé Ìyá Dáre wà. Obìnrin yìí bí ọmọ mẹ́fà, kò sì tíì rí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní mímọ́ lẹ́ẹ̀kan náà rí. Ó gbẹ́ kòtò kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná rẹ̀, níbi tó ti ń bu amọ̀ tó fi ń rẹ́ ògiri. Kòtò náà fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn. Kò kọjá orókùn ọmọdé. Bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ń lọ. Àlàó ló kéré jù nínú wọn. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn Àwẹ̀ró ni wọ́n bí i. Kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ tó ti ń sáré, ó sì ti fi iwájú orí gbá gbogbo ohun tó le nínú àgbàlá náà, láti orí ọlọ dé orí ewúrẹ́.

Nígbà tí Àwẹ̀ró pé ọmọ ọdún méjì, ẹnu rẹ̀ ti yọ. Ó ń sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé kóòtù. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gba iwájú ilé kọjá, ó sì mọ èyí tí kò bá èkejì sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò rìn. Bó bá fẹ́ nǹkan, á na ìka sí i, á ní, “Ẹ gbé mi débẹ̀.” Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, á ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹyẹ tó ń fò.

Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ń sọ pé àwọn ọmọ kan máa ń pẹ́ rìn. Nígbà tó di ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta, kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú wọn ẹsẹ̀ ọmọ náà ní ìkọ̀kọ̀, bóyá ọ̀kan kúrú ju èkejì lọ. Ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì. Wọ́n dọ́gba. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì tún bà á, nítorí bí kì í bá ṣe gígùn ẹsẹ̀, kí ni? Àwọn obìnrin àdúgbò kì í sọ ohunkóhun níwájú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn ún jù. Bó bá ti dé etí odò, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá jọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa oòrùn.

Ó pọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tẹ orókùn Àwẹ̀ró, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ká a, ó rìn ín ní àtẹ́lẹsẹ̀. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí, ó wá béèrè bóyá nọ́ọ̀sì ti jẹun.

“Ẹsẹ̀ ọmọ yìí le ju tèmi lọ,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ máa gbé e sílẹ̀.”

“Mo máa ń gbé e sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì.”

“Síbo?”

“Sórí ẹní.”

“Ẹní mélòó?”

Ìyá ọlọ́ṣẹ wo ògiri.

“Mẹ́ta.”

Nọ́ọ̀sì fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. “Ilẹ̀ ni mo wí, Ìyá Àwẹ̀ró. Ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá.”

Ó gbọ́. Kò kàn lè ṣe é ni. Lọ́nà bó ṣe ń bọ̀ wálé, ó wo ilẹ̀ náà dáadáa. Ó rí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó rí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó rí ibi tí ẹnì kan tutọ́ sí. Ó gbá ọmọ náà mọ́ ẹ̀yìn dáadáa, ó sì tún ọ̀já dì.

Ọkọ rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ tí ó sọ̀rọ̀, ó ní bí oṣù tó ń bọ̀ bá fi parí tí ọmọ kò bá rìn, àwọn yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n lè sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún àwọn. Ìyàwó mi orí. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń ro ọṣẹ, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, á ní èéfín ni.

Ìgbà yìí ni ìyá ọkọ tún ti oko dé. Ó fọ ọwọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó gbé ọmọ sórí itan, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

“Iyanrìn ni ọmọ yìí ń fẹ́,” ni ó wí.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nílùú náà láyé àtijọ́ ni pé, bí ọmọ bá pẹ́ rìn, wọ́n á gbé e lọ sí etí odò, wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré sínú iyanrìn, wọ́n á mú ọmọ dúró sínú rẹ̀, wọ́n á sì kó iyanrìn yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká títí dé orókùn. Á dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láràárọ̀, wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á le.

“Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún ọkọ rẹ. Ṣé kò rìn ni?”

“Màmá, iyanrìn etí odò? Níbi tí ewúrẹ́ ti ń mu omi?”

“Ewúrẹ́ náà ń rìn.”

Ìyá ọlọ́ṣẹ gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tirẹ̀ ló fi gbà. Ó bu iyanrìn kún garawa méjì, ó rù ú wálé. Ó jọ̀ ọ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó da omi rẹ̀ nù, ó tún fọ̀ ọ́, títí omi fi mọ́ bí èyí tí ènìyàn lè mu. Ó gbé e ka iná, ó sè é bí ẹni se ẹ̀wà. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ aṣọ funfun sínú oòrùn, ó sá iyanrìn náà sórí rẹ̀, ó sì jókòó tì í, ó ń lé adìẹ.

Ìyá Dáre ti òdìkejì wá. Ó rìn yí aṣọ náà ká.

“Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí lẹ sá yìí ni?”

“Iyanrìn ni.”

“Iyanrìn.” Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Ṣé ẹ máa fi sítáàṣì sí i kí ẹ tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e?”

“Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Dáre. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni.”

Ìyá Dáre rí ojú rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ó bá a lé adìẹ kan kó tó lọ. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó yí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé wọ́n wẹ iyanrìn nílé ọlọ́ṣẹ. Àwọn kan wá ra ọṣẹ tí wọn kò nílò, kí wọ́n lè fojú rí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọlọ́ṣẹ da iyanrìn náà sínú báàfù ńlá, ó gbé báàfù sórí ẹní, ó mú Àwẹ̀ró dúró sínú rẹ̀. Ó ti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un.

Ìyá àgbà wo ìbọ̀sẹ̀ náà. Ó gbójú sókè, ó wo òrùlé, ó sì jókòó.

Àwẹ̀ró dúró bí ẹni tí wọ́n gbìn. Ó wo iyanrìn, kò rí ohunkóhun tó ń lọ níbẹ̀. Ó rọra jókòó sínú báàfù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, “Ó ti tó. Ẹ gbé mi.”

Wọ́n ṣe é fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ keje, ìyá àgbà di ẹrù rẹ̀.

“Mò ń lọ sóko,” ni ó wí. “Tí mo bá padà dé tí ọmọ yìí kò bá tíì rìn, màá gbé e lọ. Kò sí ẹní lọ́dọ̀ mi níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyàwó lára. Ó mọ̀ pé ìyá ọkọ òun kì í fi irú rẹ̀ ṣeré. Ní apá kan, ilé ìwòsàn ńlá. Ní apá kejì, oko. Ọ̀nà méjèèjì ló máa gba ọmọ náà kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó lè fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú wọn. Ó gbé Àwẹ̀ró, ó wẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn èyí ni òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà rọ̀, ní ọ̀sán. Ọṣẹ wà lórí iná lábẹ́ àtíbàbà, ó sì ti dé ibi tí ẹni tó ń rò ó kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Bó bá ti ń wú báyìí, tí ọwọ́ bá fi kúrò lára orógùn, á ru bo ìkòkò, á dà sínú iná, wàhálà gbogbo ọ̀sẹ̀ á sì ṣòfò. Ìyá ọlọ́ṣẹ ti tẹ́ ẹní mẹ́ta sẹ́nu ọ̀nà, ó ti to ìrọ̀rí, ọmọ ti wà lórí ìtẹ́. Ó ń ro ọṣẹ, ó sì ń wo ọmọ.

Òjò náà kò le. Ó kàn rọ̀ tó láti sọ kòtò Ìyá Dáre di ẹrẹ̀, ó sì dá. Kí ẹ̀kán omi tó tán lórí òrùlé, àwọn ọmọ ti bọ́ aṣọ, wọ́n ti wà nínú kòtò. Wọ́n ń bu ẹrẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe é róbótó róbótó, wọ́n ń tò ó sórí ewé kókò. Àlàó ló ń polówó. Ẹrẹ̀ ti bo gbogbo ara rẹ̀, àfi eyín.

“Àkàrà gbóná! Àkàrà gbóná dé o!”

Àwẹ̀ró na ọrùn. “Màmá, ẹ gbé mi débẹ̀!”

“Dúró, ìyá mi. Mò ń ro ọṣẹ.”

“Wọ́n ń ta àkàrà!”

“Ẹrẹ̀ ni. Ènìyàn kì í jẹ ẹ́.”

“Àlàó ní àkàrà ni!”

Àlàó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Oníṣòwò gidi ni ọmọ náà. Ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà wọn, ó gbé ohùn sókè.

“Ó ti ń tán o! Ó ti ń tán lọ!”

Àwẹ̀ró wo Àlàó. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dí. Ó ti ìrọ̀rí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fi ìdí wọ́ dé etí ẹní, ó sì sọ ẹsẹ̀ ọ̀tún kalẹ̀. Ilẹ̀ tutù. Ó yára gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n yá a. Amọ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ìka kan amọ̀ náà. Kò sunkún. Ó tún sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ó sọ èkejì tì í, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó dìde.

“Ó ku ẹyọ kan péré!” ni Àlàó kígbe.

Àwẹ̀ró fi férémù sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ rí i láti abẹ́ àtíbàbà. Ohun méjì ló kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni pé ọmọ òun ń rìn. Èkejì ni pé inú kòtò ẹrẹ̀ ló ń rìn lọ. Ó ju orógùn sílẹ̀, ó sáré, ó sì ti la ẹnu láti pe ọmọ náà padà. Kó tó dé àárín àgbàlá, ẹnì kan fa ìró rẹ̀ mú láti ẹ̀gbẹ́. Ìyá Dáre ni, tó ti jáde wá gbé garawa kúrò lábẹ́ òrùlé.

“Ẹ má pè é,” ni Ìyá Dáre wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ti ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Tí ẹ bá pè é, á jókòó.”

“Ìyá Dáre, ẹrẹ̀ ló ń lọ!”

“Mo rí i.”

“Á ṣubú!”

“Á dìde.”

“Á ṣàìsàn!”

“Ìyá Àwẹ̀ró. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.”

Ó wò ó. Ẹsẹ̀ tó ti ń fi òwú wọ̀n ní ìkọ̀kọ̀ nìyí, ó ń tẹlẹ̀, ó ń rì díẹ̀ sínú ilẹ̀ rírọ̀, ìka márààrún ń là, wọ́n ń di ilẹ̀ mú. Ọmọ náà ń rìn bí àgbà tó mu ẹmu yó, ikùn níwájú, ọwọ́ méjèèjì nínú afẹ́fẹ́. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ sí ọ̀tún. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ sí òsì. Ó dúró, ó ronú, ó tún tẹ̀síwájú. Orúkọ rẹ̀ wà lọ́fun ìyá rẹ̀ bí egungun ẹja. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì tó kún fún eérú bo ẹnu ara rẹ̀. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ohun tó le láyé, ó ti fi ọdún mọ́kànlá retí ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó le tó dídákẹ́ yìí. Ó dákẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọṣẹ ru bo ìkòkò, ó bọ́ sínú iná, ó ń ṣe ṣìì. Kò yíjú.

Létí kòtò, ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró yọ̀. Ó fi ojú lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀, pàà!

Àwọn ọmọ yòókù dìde nínú kòtò. Àlàó pàápàá dẹ́kun ìpolówó.

Àwẹ̀ró gbé orí sókè. Ẹyinjú méjì nìkan ló hàn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì na ọwọ́ sí Àlàó.

“Àkàrà mi dà?”

Àlàó fún un ní ẹyọ tó kù. Kí ẹnikẹ́ni tó lè sáré débẹ̀, ó ti gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tu ú dànù.

“Kò níyọ̀,” ni ó wí.

Ìyá Dáre jókòó sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìyá ọlọ́ṣẹ kò mọ̀ bóyá ẹkún lòun ń sun tàbí ẹ̀rín lòun ń rín. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí èéfín nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ rántí ohun tó máa ń ṣe. Ó sáré wọlé, ó gbé abọ́ ìwẹ̀ jáde.

Àwẹ̀ró rí abọ́ náà lókèèrè. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn dìde nínú ẹrẹ̀, ó sáré. Ìyá lé e. Ó yí i ká lọ́tùn-ún, ó yí i ká lósì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan etí kòtò, ó yọ̀, ó sì jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o,” ni Ìyá Dáre wí. “Ilé yín nìyí.”

Ìyá ọlọ́ṣẹ fẹ́ dìde, kò dìde. Ẹrẹ̀ náà tutù, ó sì rọ̀. Ó rántí ẹ̀yìnkùlé ìyá tó bí i, níbi tí òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń fi amọ̀ mọ ilé ọba. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti gbàgbé pé òun ṣe é rí. Àwẹ̀ró rìn wá, ó jókòó sórí itan rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó kún fún ẹrẹ̀ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

“Màmá, ẹ ti dọ̀tí.”

“Mo ti dọ̀tí.”

“Ṣé ẹ fẹ́ àkàrà?”

“Fi iyọ̀ sí tèmi.”

Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ bá wọn. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, àpò irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀, ó sì wo àwọn ènìyàn pupa tó wà nínú kòtò náà títí kó tó dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀.

“Ta ló gbé ọmọ débẹ̀?” ni ó béèrè.

“Kò sẹ́ni tó gbé e,” ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó kọjú sí ògiri Ìyá Dáre, ó fi ọwọ́ tì í bí ẹni tó ń wò bóyá ó dúró dáadáa, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó tún lè kọjú sí wọn.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá ọlọ́ṣẹ wẹ ọmọ rẹ̀. Omi àkọ́kọ́ pupa. Omi kejì dà bíi tíì. Ẹ̀kẹta mọ́. Láti ọdún méjì ó lé tó ti ń wẹ ọmọ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rí ohun tí ọṣẹ òun ń ṣe lára rẹ̀. Ohun tó ti mọ́ ló ti ń fọ̀ látọjọ́ yìí. Ó jókòó ti omi ìdọ̀tí náà, ó ń wò ó bí ẹni wo nǹkan ẹlẹ́wà, kò sì fẹ́ dà á nù bọ̀rọ̀. Ọmọ ti sùn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó nù ún tán.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù kò bà á mọ́. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ náà léraléra, ó ń wá ibà tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú agbọ̀n lọ sí etí kòtò, ó ṣa àfọ́kù ìgò, ó ṣa ìkarahun ìgbín, ó rí ìṣó kan tó ti dípẹtà, ó mú un kúrò. Ó ní kí ọkọ rẹ̀ fi àṣẹ́kù pákó ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká nítorí ewúrẹ́. Ó gba oògùn aràn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Bí òjò bá rọ̀ tó pọ̀ jù, ó ń gbọ́n omi inú kòtò dànù, kì í sì í lọ síbi tí ojú rẹ̀ kò ti ní tó ọmọ. Bí ọmọ bá fẹ́ jẹun, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, ó ká ẹní mẹ́ta náà, ó bọ́ ẹ̀wù Àwẹ̀ró, ó sì gbé e sílẹ̀.

Ìyá ọmọ, ìwọ tí wọ́n ń ṣe àkàwé yìí fún, má fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín jù, nítorí o mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ìkà ló mú un tẹ́ ẹní mẹ́ta, ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ yẹn kan náà ló ń mú ìwọ náà kígbe “Fi sílẹ̀!” kí ọmọ rẹ tó mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀. Rántí pé nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ọmọ náà kò dìde. Ìyá àgbà mú iyanrìn wá, kò dìde. Bàbá dárúkọ ilé ìwòsàn ńlá, kò dìde. Ó dìde nígbà tí ó rí ohun kan tó wù ú dé ibi pé ó tó láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá, ohun náà sì wà nínú ẹrẹ̀. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti yẹ ilẹ̀ wò, kí o mú ohun tó lè gé e kúrò, kí o jókòó sí tòsí, kí o sì ní omi nílé. Ìyókù jẹ́ ti ọmọ.

Òjò á rọ̀ láìpẹ́, á sì dá. Ọmọ rẹ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo ẹrẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kó tó gbé ẹsẹ̀, á kọ́kọ́ yíjú padà wo ojú rẹ. Má jẹ́ kó bá ẹ̀rù níbẹ̀.